Àdúgbò Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kó Kúrò

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá wa kì í fi ṣeré ní ọ́fíìsì: bí o kò bá rí yàrá márùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi háyà ní àdúgbò kan, o kò gbọdọ̀ kọ iye kankan sí àdúgbò náà. Fi í sílẹ̀ ní funfun, kó máa wò ọ́, kí ìwọ náà máa wò ó.

Iṣẹ́ wa ni láti máa wádìí bí owó ilé ṣe ń lọ káàkiri ìlú. Ìlú náà tóbi. A pín in sí àdúgbò mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a máa ń tẹ máàpù kan jáde tó fẹ̀ bí aṣọ orí tábìlì. Àdúgbò tí owó ilé rẹ̀ ṣì rọjú, a ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Èyí tó ti ń gbóná, àwọ̀ ọsàn. Èyí tó ti ń jóni lọ́wọ́, pupa. Nọ́ńbà kan á wà láàárín àwọ̀ náà: iye tí yàrá kan àti ilé ìdáná rẹ̀ ń lọ lóṣù. Àwọn onílé ń ra máàpù yìí, àwọn alágbàtà ilé ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ilé ìfowópamọ́ náà ń rà á. Àwọn ayálégbé kì í rà á. Ẹni tí ẹrù ń pa kì í wá òṣùwọ̀n kiri.

Mẹ́ta ni wá tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn wa. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í jókòó. Ó lè dúró ti tábìlì rẹ láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Ẹnìkejì ni Àǹtí Ṣóòótọ́. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé nìyẹn. Òun ló ń tẹ àwọn onílé láago láti mọ̀ bóyá iye tí a kó wá jẹ́ òótọ́, "Ṣé òótọ́ ni?" ló sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí o bá kí i kú oríire ọjọ́ ìbí pàápàá, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn. Èmi ni ẹnìkẹta. Èmi ni mo ń ṣe ìṣirò.

Nínú gbogbo àdúgbò wọ̀nyí, ẹyọ kan ṣoṣo ló funfun, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Àdúgbò bíríkì là ń pè é, nítorí àwọn ilé pupa àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ìdí tó fi funfun kò le: ẹnikẹ́ni kì í kó kúrò níbẹ̀. Àwọn onílé ibẹ̀ ti darúgbó, òmíràn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká. Àwọn ayálégbé ti pẹ́ débi pé wọ́n ti gbàgbé ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ẹni tó ti ń gbé inú yàrá láti ogún ọdún ń san kò sì sí nínú ìṣirò tiwa. Iye tí àlejò máa san lónìí là ń wá, àlejò ò sì rí yàrá kankan gbà níbẹ̀.

Èmi fúnra mi mọ iye kan níbẹ̀ dájú: ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń san nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé mi ò lè rí àlàfo kí n má dí i. Bí mo bá bá eré àpótí onínọ́ńbà nínú ìwé ìròyìn, tí ẹnìkan ti kún un dé ìdajì, ara mi ò ní balẹ̀ àfi bí mo bá parí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwé ìròyìn ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé ẹni náà ń wò mí lójú. Ojú funfun yẹn wá dà bí ẹran tó há mi sí eyín. Lọ́jọ́ kan tí iṣẹ́ dẹ̀, mo mú àdúgbò mẹ́fà tó yí i ká. Àdúgbò etídò tó wà lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n kọ́ àwọn ilé onígíláàsì sí, ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gọ́ta. Ẹ̀yìn rélùwéè lápá òsì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó. Mo fi ìṣẹ́jú tí ẹsẹ̀ ń gbà dé ibùdókọ̀ kún un. Mo fi ọjọ́ orí àwọn ilé yọ díẹ̀ kúrò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Nígbà tí iye náà jáde, bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú àgádágodo ló rí lára mi: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì.

Kí wọ́n má baà sọ pé mo kàn ń méfò, mo lo ọgbọ́n kan náà fún ogún àdúgbò tí a ti mọ iye wọn. Kò fi ju ẹgbẹ̀rún kan yẹ̀ nínú èyíkéyìí.

Ọ̀gá dúró tì mí, ó wò ó títí.

"Yàrá mélòó lo rí níbẹ̀?"

"Ẹyọ kan ò sí, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ogún tí mo fi dán an wò."

"Òfin ńkọ́?"

"Òfin wà fún ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú àlàfo, mà. Àwa ti mọ̀ ọ́n."

Àǹtí Ṣóòótọ́ gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. "Ta ni kí n wá pè báyìí?"

"Kò sẹ́ni tí ẹ máa pè, Àǹtí. Ẹ sinmi díẹ̀."

"Ṣé òótọ́ ni?" ó ní. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ní òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ o. Síbẹ̀, mo rí i pé inú rẹ̀ dùn. Ojú funfun yẹn ti ń dójú ti òun náà níwájú àwọn oníbàárà. Ó ní kí n kọ ọ́ sí i, kí n fi àmì ìràwọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé ìṣirò ni, a ò tíì rí yàrá níbẹ̀. Mo ṣe é. Àmì náà kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo kun àdúgbò bíríkì ní àwọ̀ ọsàn, máàpù náà sì pé pérépéré fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ tó jáde, mo ká ẹ̀dà kan, mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Aago ló ń túnṣe. Bàbá Aláago ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi kú tó gbà mí sọ́dọ̀. Aago àwọn ẹlòmíràn ló fi rán mi lọ sí yunifásítì. Láti bí ọdún mẹ́jọ ni ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Ó ti fi aago ọwọ́ sílẹ̀. Aago ògiri ńláńlá nìkan ló kù tó ń ṣe, ìka ló fi ń tú u, etí ló fi ń gbọ́ àrùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí o bá pàdé rẹ̀ ní òpópónà, o ò ní mọ̀. Kì í mú ọ̀pá. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ni látẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìta, ẹ̀karùn-ún ti sán. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ẹni tó máa ń gbé búrẹ́dì tirẹ̀ sí igun kan náà lójoojúmọ́. Níbi tí ògiri bíríkì ti di ògiri sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ́ kọ́nà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra òróró àti irin aago. Àwọn awakọ̀ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan kó lè sọdá. Àwọn ọmọdé kì í fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní àdúgbò yẹn, Bàbá Aláago kì í ṣe afọ́jú. Ogún ọdún ló fi kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀, ó ti lọ bá ilẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ó ní nígbà tí mo dé àtẹ̀gùn kẹta. "Ẹsẹ̀ ń ta bí ẹsẹ̀ ẹni tó rí owó he."

"Èmi ni o, Bàbá. Ẹ kú ilé."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo kàn fẹ́ kó o sọ ọ́ fúnra rẹ ni, káwọn ará ilé má rò pé olè ni mo ń kí."

Mo tẹ́ máàpù náà sórí tábìlì rẹ̀, láàárín àwọn irin wẹẹrẹ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lójú.

"Níbo lèmi wà?"

Mo gbé ìka rẹ̀ sí i.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Fún irú yàrá yìí? Èyí tí èmi àti òjò jọ ń gbé? Á jẹ́ pé òjò náà gbọ́dọ̀ máa san tirẹ̀ o." Ó nu ojú. "Ta ló wá sọ fún yín pé iye náà nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé ìṣirò náà fún un látòkè délẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìfẹ́ àlọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ó dùn. Ọpọlọ ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o, ọmọ àbúrò mi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìṣirò ló ń bá mi ṣeré.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ mí láago ní ọ́fíìsì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Wá ka ìwé kan fún mi. Mo ti mú un lọ́wọ́ láti àárọ̀, kò bá mi sọ nǹkan kan."

Ọmọbìnrin onílé rẹ̀ ló kọ ọ́. Onílé fúnra rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Ọmọ yìí, dókítà eyín ni ní ìlú mìíràn, òun ló jogún ilé. Ìwé náà ní ìwà. Ó kí Bàbá, ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó ní bàbá òun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó ní òun ò mọ iye tó yẹ kí ilé máa lọ, òun ò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ìyẹn lòun ṣe lọ wá ìwé àwọn onímọ̀. Ó gé igun kan lára máàpù wa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Nítorí bàbá òun, òun dín ẹgbẹ̀rún kan kù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì lóṣù, kí wọ́n san ti oṣù mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bí mo ṣe dé ibi iye náà, ó ṣe mí bíi kí n fò ó. Ẹni tí mò ń kà á fún ò ríran. Ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n mo kà á.

Bàbá gba lẹ́tà náà padà. Aago mẹ́rin ló ń dún lára ògiri yẹn, kò sí méjì tí ohùn wọn papọ̀.

"Ọmọ dáadáa ni," ó ní níkẹyìn. "Èmi ni mo tún aago tí bàbá rẹ̀ fún un nígbà tó wọ yunifásítì ṣe." Ó fi ìka wá igun máàpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ lẹ́tà náà. "Nọ́ńbà yẹn, bí ẹni pé mo ti gbọ́ ọ rí."

"Èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá. Ohun tí mo kọ, mo lè pa á rẹ́."

"Ó dáa," ó ní. "Tètè pa á rẹ́. Nítorí níbòmíràn, afọ́jú ni mí."

Kò tíì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ létí mi rí.

Mo kọ́kọ́ pe dókítà eyín náà. Mo sọ fún un pé iye náà kì í ṣe òótọ́, pé èmi gan-an ni mo ṣe é, pé ẹnikẹ́ni ò sanwó bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò bíríkì rí. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ irọ́, kí ló dé tí alágbàtà ní òun ti ní ẹni tó fẹ́ san án? Onílé mẹ́ta míì lórí òpópónà yẹn ti kọ lẹ́tà sáwọn èèyàn wọn."

"Máàpù wa náà làwọn yẹn ń wò, mà."

"Òun lèmi náà kúkú ń wò. Ẹ má bínú, mi ò lè máa tẹ̀lé ohun tí ẹnìkan sọ lórí fóònù kí n fi ohun tí wọ́n tẹ̀ síwèé sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ òmíràn jáde, òun ni mo máa tẹ̀lé. Mo ṣèlérí."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí máàpù tuntun jáde. Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní kó jẹ́ ká dá ojú funfun yẹn padà.

"A ò lè dá funfun padà," ó ní. "Àwọn oníbàárà á ní a ti sọnù. Ṣùgbọ́n bí o bá ní iye náà ò tọ́, ìwọ náà mọ òfin. Mú yàrá márùn-ún wá. Ohun tí wọ́n bá wí, òun la máa kọ."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo rò pé ó ti tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ àdúgbò bíríkì, ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mi ò rí rí láti kékeré mi ni mo rí lára ilé kẹta: pátákó tí wọ́n kọ YÀRÁ WÀ FÚN HÁYÀ sí. Òmíràn wà lára ilé keje. Òmíràn wà lókè ibi tí obìnrin oníbúrẹ́dì ń gbé. Ọkùnrin kan ń ti mátírẹ́ẹ̀sì jáde lójú fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, ó ń sọ pé, "Rọra, rọra, àbí o fẹ́ fi pa mí kó o lè dín owó ilé kù?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá yàrá márùn-ún níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi rí mọ́kànlá.

Alágbàtà tó ni pátákó tó pọ̀ jù jókòó sórí àga oníke níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà dídán. Máàpù wa wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Èló ni ti òkè yẹn?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì. Fún ìwọ, mọ́kànlélógójì. Ojú rẹ dà bíi ti ọmọlúàbí."

"Lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ogún ni wọ́n ń san níbẹ̀."

"Lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ìyá mi ṣì ń pè mí ní ọmọ burúkú. Ayé ń yí, ọ̀rẹ́ mi."

"Ta ló sọ iye yìí fún yín?"

Ó fi àtàǹpàkò júwe ògiri. "Àwọn tó mọ̀."

"Bí wọn ò bá mọ̀ ńkọ́?"

"Àbí ìwọ lo wá mọ̀ jù wọ́n lọ?"

Mo lọ síbi ògiri, mo fi ìka kan àmì ìràwọ̀ náà. "Ṣé ẹ rí èyí?"

Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó, ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. "Ìyẹn? Mo rò pé eṣinṣin ló ṣu síbẹ̀ ni."

Ní alẹ́ kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Nọ́ńbà kì í bẹ̀bẹ̀. Yàrá mọ́kànlá, tó kéré jù jẹ́ ogójì, tó pọ̀ jù jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógójì. Ìpíndọ́gba wọn: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì àti igba. Mo jókòó tì í, mo ń ka igba yẹn bí ẹni tó ń ka ìdájọ́. Igba náà nìkan ni mo fi ṣì í.

Ó wá kù mí ku ohun tí mi ò ṣe rí. Mo mú ìwé mìíràn, mo kọ yàrá márùn-ún: ogún, ogún àti ààbọ̀, mọ́kànlélógún, mọ́kàndínlógún, méjìlélógún. Mo fi àdírẹ́sì gidi sí i, mo fi nọ́ńbà fóònù àwọn onílé sí i, nítorí ìwé náà kò ní wọlé láìsí i. Ẹ̀bẹ̀ ni mo rò pé mo máa fi bo ìyókù. Mo gbé e sórí tábìlì Àǹtí Ṣóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró dìgbà tí ọ̀gá jáde lọ jẹun. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àbúrò. Mo pe márààrún."

Mo wolẹ̀.

"Irọ́ rẹ àkọ́kọ́ wọlé torí pé kò sẹ́ni tí mo lè pè. Irọ́ kejì yìí ní nọ́ńbà fóònù. Ìgbà tó o ṣe é láìmọ̀ lo gba oríyìn, ìgbà tó o wá mọ̀ lo ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Àǹtí. Ojú rẹ̀ ti lọ. Bó bá kúrò níbẹ̀—"

"Ṣé òótọ́ ni?" ó ní. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, mo lè dijú. Márùn-ún, ọ̀gá á tún wọn pè. Àti pé àbúrò mi ọkùnrin ti kó síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n lé e kúrò ní etídò, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì ló ń san ní àdúgbò bíríkì báyìí. Ó ní ó rọjú. Ó ń dúpẹ́." Ó ya ìwé mi sí wẹ́wẹ́, ó kó o sínú báàgì rẹ̀, kì í ṣe sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ọ́fíìsì. "Lọ mú èyí tó jẹ́ òótọ́ wá."

Mo mú un wá. Ọ̀gá kà á lórí ìdúró, ó sì ṣe ohun tó yà wá lẹ́nu: ó jókòó.

"Igba péré," ó ní. "O wo inú òkùnkùn, igba péré lo fi ṣì í. Ẹ wo ọmọ!" Ó ní kí n yọ àmì ìràwọ̀ kúrò. Ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, àwọn àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn ìlú, tí a ò tíì kà, kí n fi ọgbọ́n kan náà kún wọn. Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kún owó oṣù mi.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un. Mo ní kì í ṣe pé mo mọ iye náà. Àwa la sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń sunkún níbi ẹ̀bùn. "Òfin ní yàrá márùn-ún," ó ní. "O mú mọ́kànlá wá."

Mo ṣe ìṣirò ti Bàbá náà lọ́nà mẹ́rin. Bí mo bá kó wá bá a, tí a pa owó wa pọ̀, a fẹ́ẹ̀ kájú ogójì lóṣù. Ti oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà ni ò ṣeé ṣe. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, mo béèrè ní ọ́fíìsì, mo ta kọ̀ǹpútà mi, a ò dé ìdajì. Dókítà eyín ní ká mú ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Máàpù tuntun ti dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà náà, ó sì ń tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

Ọjọ́ tí mo lọ sọ fún Bàbá, ó ń fi òróró sí aago kan.

"Kò parẹ́," mo ní.

"Mo mọ̀. Bí ó bá parẹ́ ni, àtìsàlẹ̀ lo ti máa pariwo." Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Oníbúrẹ́dì ti kó lọ lánàá. Mo rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta, mo na ọwọ́, ẹnìkan ní, 'Bàbá, kí lẹ ń wá?' Ohùn tí mi ò mọ̀." Ó dé ìgò òróró náà. "Bí mo tilẹ̀ dúró, àdúgbò náà ti lọ. Nítorí náà má fi ara rẹ sáàárín iná. Ṣé ìṣirò náà tọ́?"

"Ó tọ́, Bàbá."

"Kò burú." Ó ń fi ọwọ́ wá ìdérí ìgò náà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ó ti dé e tán.

Ọ̀dọ̀ mi ni mo kó o lọ, ní ẹ̀yìn ìlú, àjà kejì ilé sìmẹ́ńtì kan tí kò yàtọ̀ sí ogún ilé mìíràn tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà, àtẹ̀gùn kan náà, kò sí èyí tó sán. Mo mú un rìn lọ rìn bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, mo ń ka ìṣísẹ̀ fún un sókè. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń dúró síbi tó bá wu awakọ̀, ẹni tó ń ta nǹkan ní igun lónìí kì í sí níbẹ̀ lọ́la, àwọn ará ilé ń kó wọlé, wọ́n ń kó jáde, kò sẹ́ni tó pẹ́ tó láti mọ̀ pé bàbá kan wà níbẹ̀ tí kò ríran. Kò sí oníbàárà. Ó to àwọn aago ògiri rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, mi ò gbọ́ ìró wọn mọ́; ó ti dá gbogbo wọn dúró. Ó ní wọn ò jẹ́ kí òun gbọ́ ìgbà tí mo bá ń bọ̀.

Ní ọ́fíìsì, mo kún àwọn àlàfo náà. Méje ni wọ́n. Ilé mi wà nínú ọ̀kan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí a parí iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo sọ̀ nínú ọkọ̀, mo rí Bàbá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó wọ bàtà méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lára sìmẹ́ńtì, òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbindin. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ nítòsí sọ fún mi pé, "Àti àárọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀ o. Mo ní ṣé kí n mú wọn wọlé, wọ́n ní rárá, pé àwọn ń dúró de ọmọ àwọn."

"Bàbá."

"Ìwọ nìyẹn? O pẹ́." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Òróró aago ni mo fẹ́ lọ rà."

Mi ò béèrè ohun tó fẹ́ fi òróró aago ṣe. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni ò di ọwọ́ rẹ̀ mú ní gbangba rí. Ó fà á díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó fúyẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

"Ibi tí a wà yìí," ó ní, "èló lẹ kọ síbẹ̀ lórí ìwé yín?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún."

Ó rin ìṣísẹ̀ díẹ̀ kó tó fèsì.

"Ó wọ́n," ó ní.

A dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀, ó gbé e.